Ẹsẹ̀ Ni Bàbá Àgbà Fi Ń Gbọ́ Ohùn Ọkọ̀

Tí ẹ bá dé Òkòkómáíkò lónìí, tí ẹ ní ẹ ń wá Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ọkọ̀ rí ládùúgbò náà á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún yín pé ẹ ti pẹ́ dé. Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀ ni bàbá tó bí màmá mi. Mẹkáníìkì ni wọ́n, wọ́n sì ti lọ báyìí. Nígbà tí mo jókòó láti kọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́, mo kọ́kọ́ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n kúrò ní Ìfọ̀ wá sí Èkó. Ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀, ẹnu wọn ò sì dúró sójú kan rí lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Lónìí wọn á ní bọ́ọ̀sì ni àwọn wọ̀, lọ́la wọn á ní orí ọkọ̀ akóyanrìn ni. Ohun tó dá mi lójú nípa wọn ni ẹsẹ̀ wọn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ẹsẹ̀ Bàbá fẹ̀, ó sì le, àtàǹpàkò ọ̀tún ti yà kúrò lára àwọn yòókù bí ẹni tí wọ́n jọ ń jà. Tí wọ́n bá fẹ́ yẹ ọkọ̀ wò, wọn kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọn á wọ iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀, wọn á bọ́ sálúbàtà, wọn á ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ọkọ̀ kúrò, wọn á tẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì sórí irin lásán, wọn á wá di ojú. "Ó yá, máa lọ." Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn bẹ́ẹ̀ á rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n, àwọn tí kì í wọ bàtà tí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Tí ẹ bá rí Bàbá láìwọ bàtà lójú ọ̀nà Ìbà, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ilé Ọlọ́run ni wọ́n ti ń bọ̀ tàbí inú ọkọ̀ oníbàárà. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò lè gbọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní, "Àbíkẹ́, ṣé o máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ bo etí kó o tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ni?"

Òfin kan wà tí gbogbo oníbàárà wọn mọ̀ sórí: "Tó bá ń gbọ̀n lọ́wọ́, iwájú ni. Tó bá ń gbọ̀n nídìí, ẹ̀yìn ni. Tó bá ń gbọ̀n lọ́kàn, ẹ lọ sílé ìwòsàn." Ìbéèrè kan péré ló sì wà tí wọ́n máa ń bi èèyàn. Wọn kì í béèrè pé kí ló ṣe ọkọ̀. Wọn á ní, "Kí lẹ fọwọ́ kàn kẹ́yìn?" Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ọkọ̀ kì í kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kó ní òun fẹ́ máa gbọ̀n. Ọwọ́ ẹnì kan ti kàn án. Bóyá wọ́n pààrọ̀ tàyà, bóyá wọ́n tún bíréèkì ṣe, bóyá wọ́n kàn gbé e lọ fọ̀ ni. Ibi tí ọwọ́ kàn kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ wò.

Ìbéèrè yẹn ò mọ sórí ọkọ̀. Tí ọbẹ̀ bá jóná nílé wa, ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn? Tí ilẹ̀kùn bá há, tí tẹlifíṣọ̀n bá ń sọ̀rọ̀ tí kò gbé àwòrán jáde, ìbéèrè kan náà ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, inú rírun dá mi dúbúlẹ̀, màmá mi sì ti ń sunkún wá ẹni tó máa gbé wa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bàbá lóṣòó tì mí, wọ́n fọwọ́ lé mi níkùn, wọ́n ní jẹ́ẹ́jẹ́, "Àbíkẹ́, kí lo fọwọ́ kàn kẹ́yìn?" Màǹgòrò aládùúgbò ni, mẹ́sàn-án, kò sì tíì pọ́n.

Olùkọ́ yunifásítì kan ń gbé ní Ìbà, ọkùnrin tó mọ̀wé débi pé tó bá kí èèyàn káàárọ̀, ó máa ń ṣàlàyé ohun tí àárọ̀ jẹ́. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Bàbá, ó ní ìjókòó ẹ̀yìn ń gbọ̀n lábẹ́ àwọn ọmọ òun. Mẹkáníìkì méjì ti wò ó, wọ́n ti pààrọ̀ tàyà ẹ̀yìn, wọ́n ti pààrọ̀ ṣọ́kì, síbẹ̀ ó ń gbọ̀n. Bàbá bi í ní ìbéèrè wọn. Ó búra pé òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Bàbá wọlé, wọ́n bọ́ sálúbàtà, wọ́n di ojú, wọ́n ní kó máa lọ. Wọn ò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi la ojú, tí wọ́n na ọwọ́ pa rédíò. Gbogbo ìgbọ̀n náà dákẹ́. Àṣé ọ̀gá olùkọ́ ti lọ ra sípíkà ńlá méjì lÁlàbá, ó ti dì wọ́n mọ́ inú bóòtù, ó sì ń fi wọ́n gbọ́ orin ìyìn ní gbogbo àárọ̀. Bàbá wọ sálúbàtà wọn padà. Wọ́n ní, "Ọ̀gá olùkọ́, ara ọkọ̀ yín yá. Ijó ló ń jó."

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni Ìyá Ràfíù wà, obìnrin kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ fókánáísà ní gbogbo òpópónà yẹn. Ọkọ wọn ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kú, Ìyá Ràfíù gba jáàkì àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí tàyà wò bóyá ó dọ́gba, wọn ò sì wo ẹ̀yìn mọ́. Àwọn àti Bàbá fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì ń jà lójoojúmọ́ fún ohun tó lé lógún ọdún. Ìjà kan náà ni. Tí ọkọ̀ tó ń gbọ̀n bá ti yọ lókèèrè, Ìyá Ràfíù á ti pariwo pé, "Tàyà ni!" Bàbá á ní, "Kì í ṣe tàyà." Lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ náà gbóná débi pé wọn ò kí ara wọn fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kejì ìjà yẹn bọ́ sí ọjọ́ ọdún, Ìyá Ràfíù sì gbé mọ́ínmọ́ín ránṣẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Bàbá jẹ ẹ́ tán pátápátá, wọ́n fọ abọ́, wọ́n sì dá a padà láìsọ̀rọ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ ń bínú?" Wọ́n ní, "Èmi àti ìyá yẹn là ń jà. Mọ́ínmọ́ín ò dá sí i."

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ ife wọn kí n tó lọ síwájú. Ife irin funfun ni, etí rẹ̀ búlúù, ó sì ti họ níbi méjì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń mu tíì wọn tí kì í ní mílíìkì. Òun náà ni wọ́n máa ń bu omi sí dé ìdajì tí wọn á gbé e sáàárín ẹsẹ̀ wọn nínú ọkọ̀, kí oníbàárà tó ń ṣiyèméjì lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí ẹsẹ̀ Bàbá ń gbọ́. "Ẹni tí kò bá gba ẹsẹ̀ mi gbọ́, kó gba omi gbọ́." Nínú ṣọ́ọ̀bù, ife yẹn kì í fìdí kan tábìlì iṣẹ́ wọn ní tààrà, nítorí wọ́n kórìíra kí ó fi àmì roboto sílẹ̀ lórí pákó. Ẹ̀ẹ́mẹ́ta lójúmọ́ ni wọ́n ń nu tábìlì yẹn. Ohunkóhun tó bá já bọ́ sílẹ̀, wọn á ṣà á, wọn á nù ún, wọn á wá iṣẹ́ fún un. Mo ti rí ìdérí ìgò lábẹ́ ife yẹn rí, mo ti rí àfọ́kù táìlì, mo ti rí gìgísẹ̀ bàtà mi kan tó já. Mo béèrè gìgísẹ̀ mi padà. Wọ́n ní, "Ó ti ríṣẹ́."

Kúnlé ni wàyí. Mo pàdé Kúnlé níbi tí ọmọ ilé mẹkáníìkì ti máa ń pàdé ọkọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́. Mẹkáníìkì ni òun náà, ọ̀dọ́kùnrin, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìbà, ó sì ní kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń kì bọ abẹ́ sítíárìn láti bi ọkọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe é. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí Bàbá, ojú ń kán an láti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, ló bá kì í bọ ọkọ̀ kan tí Bàbá ti ń fẹsẹ̀ gbọ́ láti àárọ̀. Kọ̀ǹpútà ní kò sí àléébù kankan. A ṣíná ọkọ̀, kò dáhùn. A tún un ṣí, ó dákẹ́ bí òkúta. Bàbá mu tíì wọn, wọn ò kánjú. Wọ́n ní, "Ẹ̀rọ ẹ ní ara ọkọ̀ le. Ó dáa, kí ẹ̀rọ ẹ wà á lọ sílé."

Láti ọjọ́ yẹn, "alákọ̀ǹpútà" ni wọ́n ń pe Kúnlé, wọn ò pe orúkọ rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n wọn ò kọ̀ ọ́. Màmá mi, tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣeré, ti bá ìyá Kúnlé sọ̀rọ̀, a sì ti mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì nígbà tí ọ̀rọ̀ bíréèkì dé.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lápá Ọ̀tọ̀-Àwórì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ, ọkọ̀ mi kékeré aláwọ̀ ọsàn ló sì ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ òjò kan, ọlọ́kadà kan já sí mi níwájú. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ mi sì ń lọ bí ẹni pé ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀ ẹ́. Kó tó dúró, ó ku ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré kí n gbá ọkùnrin náà. Mi ò lè kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Kúnlé gbọ́, ó ní kò sí àtúnṣe mọ́, bíréèkì ọkọ̀ náà ti kéré jù, òun á wá ti ọkọ̀ tó tóbi jù ú lọ fi sí i. Bíréèkì ńlá ò sì gba inú wíìlì àtijọ́, nítorí náà ó wá wíìlì mìíràn. Ihò àárín àwọn wíìlì tuntun yìí fẹ̀ díẹ̀ ju ibi tí wọ́n máa jókòó lé lọ, ó wá fi òrùka ike kọ̀ọ̀kan há àárín wọn, kí wíìlì lè jókòó sí àárín gbùngbùn. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún mi, mo sì gbọ́ bí ìyàwó àfẹ́sọ́nà ṣe máa ń gbọ́, ìyẹn ni pé ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò.

Mi ò sọ fún Bàbá. Mo mọ̀ pé wọn á fi ọ̀sẹ̀ kan jiyàn lórí ẹ̀. Kúnlé gbé ọkọ̀ náà wá sílé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó yó. Ọjọ́ Jímọ̀, ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo bá lọ síṣẹ́. Àárọ̀ Sátidé, èmi àti màmá mi gbé e jáde láti lọ ra iṣu fún ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí mo ṣe ń sún mọ́ ọgọ́rin lójú iná tó ń ka ìsáré ọkọ̀, sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi, eyín mi ń kan ara wọn, màmá mi sì ti wà nínú Sáàmù kẹta kí n tó rí ibi páàkì sí. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi padà délé, láìra iṣu kankan. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, iwájú Bàbá ni wọ́n ti sọ ọ́.

"Bàbá, ọkùnrin tí kò lè de wíìlì, ṣé òun ló máa de ilé mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́? Ẹ bá mi wò ó. Tó bá jẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni, mi ò ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kankan mọ́."

Bàbá ní kí wọ́n pe alákọ̀ǹpútà wá. Ohun tí ọ̀rọ̀ ayé mi rọ̀ mọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn nìyẹn, ẹsẹ̀ bàbá arúgbó kan.

Èmi ni mo wa ọkọ̀. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi láìwọ bàtà, ife omi wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, Kúnlé sì wà lẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. A gba ọ̀nà Ìjànikin, níbi tí ojú ọ̀nà ti là díẹ̀. Ní ogójì, omi jókòó jẹ́ẹ́. Ní ọgọ́ta, ó ṣẹ́jú. Ní ọgọ́rin, ó ń wárìrì.

"Má tẹ bíréèkì o. Fi jíà sí fíríì."

Ó ṣì ń gbọ̀n.

"Ẹ́ńjìnnì kọ́ nìyẹn. Ó yá, tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ náà rọra dúró bí ẹni tó gbọ́ràn, ìgbọ̀n ò sì fi nǹkan kan lé sí i.

"Bíréèkì yìí dára," ni Bàbá wí, kó tó di pé wọ́n rántí ẹni tó ṣe é. Kúnlé gbé orí sókè lẹ́yìn. "Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀," ni Bàbá fi kún un. Wọ́n tún di ojú. "Ọwọ́ ọmọ yìí ló ń gbọ̀n, kì í ṣe ìdí rẹ̀. Iwájú ni. Ẹsẹ̀ òsì mi ló sì ń gbọ́ ọ jù. Wíìlì òsì iwájú. Ẹ jẹ́ ká padà."

Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi jáàkì gbé e, wọ́n sì tú wíìlì náà fún Ìyá Ràfíù. Ìyá Ràfíù gbé e sórí ẹ̀rọ wọn, wọ́n yí i, wọ́n tún un yí. Gbogbo wa ń retí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ. Wọ́n ní, "Kì í ṣe tàyà."

Bàbá ní, "Ẹ tún un sọ."

"Mo ní kì í ṣe tàyà!"

"Ẹ ṣeun. Kí àwọn tó wà níbí jẹ́rìí."

Kúnlé ti bẹ̀rẹ̀ sórí ìdí wíìlì. Ó wo ibẹ̀, ó wo inú ihò wíìlì, mo sì rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó lọ tú ti apá ọ̀tún wò, ó padà wá. "Bàbá, òrùka ike ò sí níbí, sà. Òun ni kò jẹ́ kí wíìlì yìí jókòó sí àárín. Mo fi mẹ́rin sí i, sà. Wíìlì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan."

"Kẹrin ọ̀hún wá dà?" ni màmá mi wí.

Kúnlé tún ti ọwọ́ bọ inú ihò wíìlì náà.

Bàbá ní, "Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà. Kò tún sí ẹlòmíràn."

Màmá mi dìde, wọ́n tún ìró wọn so. "Ó parí nìyẹn." Màá sọ òótọ́ níbí, nítorí Bàbá ò fẹ́ràn irọ́: èmi náà gbà pé ó gbàgbé ni. Inú bí mi sí i. Ojú tì mí níwájú Ìyá Ràfíù. Mo wo ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, mi ò sì sọ ọ̀rọ̀ kan láti gbè é.

Ife ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá láti inú ọkọ̀. Wọ́n kọjú sí tábìlì wọn láti gbé e kalẹ̀. Gbogbo èèyàn ń wo Kúnlé. Èmi nìkan ni mò ń wo Bàbá, nítorí mi ò fẹ́ wo Kúnlé mọ́. Ife náà ò balẹ̀. Ó dúró lókè níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi lè ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run tán. Lẹ́yìn náà ni Bàbá fi ọwọ́ kejì bo nǹkan kan lórí tábìlì, wọ́n pa ọwọ́ dé. Mi ò mọ ohun tó jẹ́. Mo kàn rí ọwọ́ yẹn tó di ìkúùkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ṣòkòtò wọn.

Wọ́n gbé ife sílẹ̀ lórí pákó lásán. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i nìyẹn. Wọ́n ṣí fìlà. Wọ́n rìn wá sáàárín wa, wọ́n la ọwọ́, òrùka ike dúdú kan sì wà nínú rẹ̀, tíì ti gbẹ mọ́ ọn lára.

"Lánàá," ni Bàbá wí, "lẹ́yìn tí Àbíkẹ́ lọ síṣẹ́, mo gbé ọkọ̀ yìí wá síbí, mo sì tú wíìlì yẹn. Mo rí wíìlì tuntun lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo sì fẹ́ mọ ohun tí ọmọ yìí ṣe sí ọkọ̀ ọmọ ọmọ mi. Mo wá àṣìṣe, mi ò rí. Ẹ̀yìn ń dùn mí, mi ò tú àwọn yòókù. Mo dá a padà, mo gbé ọkọ̀ lọ sílé. Ìgbà tí mo padà wá gbálẹ̀ ni mo rí ike yìí nílẹ̀. Mo rò pé pàǹtí ni, mo fọ̀ ọ́, mo fi sábẹ́ ife." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Gbogbo ayé mi ni mo fi ń bi yín pé ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Èmi ni. Kúnlé, ọmọ mi, má bínú."

Wọ́n sì fẹ́ tẹrí ba. Kúnlé ò jẹ́ kí wọ́n dé ìdajì tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú epo dúdú, tó ń pariwo pé, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!" Bàbá ń fà á dìde, òun náà ń fà wọ́n sókè, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń bẹ ẹnì kejì mọ́. Ìyá Ràfíù ló yanjú ẹ̀. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dìde. Ta ló máa fọ aṣọ yẹn?" Màmá mi ti jókòó padà, wọ́n ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní kí Kúnlé máa bọ̀ wá jẹun nílé tó bá ti wẹ̀.

Wọ́n dá òrùka padà, Kúnlé de wíìlì náà, Bàbá sì dúró tì í láìfọwọ́ kan nǹkan kan, wọ́n ti ọwọ́ wọn méjèèjì bọ àpò bí ẹni tí wọ́n kìlọ̀ fún. A tún gba ọ̀nà Ìjànikin. Ní ọgọ́rin, omi inú ife jókòó bí ìgbà tó wà nínú ìkòkò.

Ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti Bàbá nìkan ló kù níwájú ilé. Mo sọ fún wọn pé mo rí ọwọ́ wọn nígbà tí wọ́n pa á dé. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò rò ó láti jù ú sápò ni? Kò sẹ́ni tí ì bá mọ̀." Wọn ò bínú sí ìbéèrè yẹn. Wọ́n ń fi àtàǹpàkò kan ha ìkejì. Wọ́n ní, "Mo rò ó, Àbíkẹ́. Àpò mi sún mọ́ mi gan-an. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ yẹn á ṣì máa gbọ̀n."

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, láàárín iṣu àti oyin àti èso tí àwọn ará ilé Kúnlé gbé wá, ọ̀rá kékeré kan wà tí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dì. Òrùka ike kan ló wà nínú rẹ̀, ìkarùn-ún, fún ife Bàbá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́, màmá mi ní láti gbá wọn lẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe Kúnlé lórúkọ. Kọ̀ǹpútà náà sì rí àyè lórí tábìlì wọn, lápá ọ̀dọ̀ ògiri, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹsẹ̀ yẹn wú tí Bàbá ò lè dé ṣọ́ọ̀bù mọ́, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Kúnlé ń gbé wọn sínú ọkọ̀ aláwọ̀ ọsàn mi, tó ń gbé wọn kiri, láti Òkòkómáíkò dé Ìbà, kí wọ́n lè gbọ́ nǹkan. Wọn á bọ́ sálúbàtà, wọn á di ojú. Tí wọ́n bá padà délé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún mi: "Kò gbọ̀n." Àárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sídeè kan, lásìkò òjò, wọ́n kú lórí àga wọn lẹ́yìn àdúrà, àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Màmá mi ra bàtà tuntun fún wọn, dúdú, tó ń dán. Àwọn àgbà ìjọ ní kò sí ẹni tó ń wọ bàtà sí sùtánà. Màmá mi ní bàbá àwọn ò ní lọ pàdé Ẹlẹ́dàá bí ẹni tí kò bímọ. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di ìjà gidi. Kúnlé ló rọra sún mọ́ wọn. Ó ní, "Mọ́mì, tí ẹ bá wọ bàtà fún wọn, báwo ni wọ́n ṣe máa gbọ́ ọ̀nà?" Màmá mi wò ó, wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n dá bàtà padà sínú páálí.

Báyìí ni ẹsẹ̀ Bàbá ṣe wà níta nígbà tí wọ́n ní ká wá wò wọ́n kẹ́yìn. Mo di àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mú títí ẹnì kan fi ní kí n jẹ́ kí àwọn yòókù ráyè.

Nígbà tí a ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú, mo ní èmi ni màá wa ọkọ̀. Ife irin náà wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn pẹ̀lú òrùka rẹ̀; èmi ni wọ́n fún. A ò tíì kọjá Ìyànà Ìbà tí sítíárìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Kúnlé, ọkọ̀ yìí ń gbọ̀n." Ó wo ojú iná. A ò sáré ju ogójì lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wíìlì wò láàárọ̀. Kò sọ̀rọ̀ wíìlì. Ó fọwọ́ lé ọwọ́ mi lórí sítíárìn.

"Àbíkẹ́," ó ní, òun tí kì í pe oríkì mi, "kí lo fọwọ́ kàn kẹ́yìn?"

Mo ní, "Ẹsẹ̀ Bàbá."

Ó ní kí n páàkì, òun á gbé wa délé. Mo bọ́ sí ìjókòó Bàbá. Mo bọ́ bàtà, mo ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò, mo tẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì sórí irin, mo sì di ojú. Kúnlé ń wà á lọ. Ọkọ̀ náà ò gbọ̀n rárá.